Orí Keje: Ọ̀dọ́mọbìnrin àti Ìgò Fítámínì

Ìyá kan mú ọmọ rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù oògùn mi ní ọjọ́ Sátidé kan, nígbà tí ìdánwò WAEC ku bí oṣù mẹ́ta. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni ọmọ náà. Ìyá kò tíì kí mi tán tó fi ní, "Dókítà, ẹ bá mi mú fítámínì tó lágbára jù lọ níbẹ̀ yẹn. Ọmọ yìí ń sùn sórí ìwé. Bó bá gun àtẹ̀gùn ilé wa báyìí, á máa mí hẹlẹhẹlẹ bí arúgbó. Irun rẹ̀ pàápàá ń já." Ó nawọ́ sí ìgò ńlá kan tí wọ́n ya àwòrán ọmọge tó ń rẹ́rìn-ín sí lára. Owó ìgò náà tó owó ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan nínú ilé tí kò tóbi.

Mo sọ ìgò náà kalẹ̀, ṣùgbọ́n n kò tíì gbé e lé e lọ́wọ́. Ọmọ ni mo kọjú sí. Mo ní, "Ọmọ mi, nǹkan oṣù rẹ ńkọ́? Ọjọ́ mélòó ló máa ń gbà?" Ó wolẹ̀. Ìyá rẹ̀ bá a dáhùn pé kò sí wàhálà kankan níbẹ̀. Mo tún ìbéèrè náà bi, mo ní kí ọmọ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ohùn kékeré ló fi ní, "Ọjọ́ mẹ́jọ ni, mà. Nígbà mìíràn, mẹ́sàn-án." Páàdì ńkọ́? Ó ní ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, wákàtí méjì kì í pé kí òun tó pààrọ̀ rẹ̀, òun sì máa ń tẹ́ aṣọ sórí bẹ́ẹ̀dì kí òun tó sùn. Ìyá rẹ̀ yíjú sí i, kò lè sọ̀rọ̀. Láti ọmọ ọdún méjìlá ni ọmọ yìí ti rò pé bó ṣe ń ṣe gbogbo obìnrin nìyẹn.

Mo fi ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú nítorí pé ìbéèrè tí àwọn òbí ń gbé wá bá mi kì í yí padà: "Èwo ló dára jù?" Ẹni tó bá ń béèrè èyí tó dára jù ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé fítámínì ni ọmọ òun ṣe aláìní. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń kó sínú ìgò wọ̀nyẹn, ohun kan ṣoṣo ni ẹ̀rí rẹ̀ lára àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin lágbára débi tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà, ohun náà kì í sì í ṣe fítámínì. Irin ni.

Irin tí mo wí yìí kò yàtọ̀ sí èyí tí alágbẹ̀dẹ ń rọ, bíńtín rẹ̀ ni ara ń lò. Òun ni ara fi ń pèsè ohun tó sọ ẹ̀jẹ̀ di pupa, ohun náà ló sì ń gbé afẹ́fẹ́ tí a mí sínú láti ẹ̀dọ̀fóró lọ sí ọpọlọ, sí iṣan, sí gbogbo ara. Láti ọdún 9 sí 13, 8 mílígíráàmù lójúmọ́ ni àwọn onímọ̀ oúnjẹ ní Amẹ́ríkà là sílẹ̀ fún ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin bákan náà. Láti ọdún 14 sí 18, ti ọkùnrin di 11, ti obìnrin fò dé 15. Ẹ̀jẹ̀ oṣù ló dá ìyàtọ̀ yẹn sílẹ̀. Nínú mílílítà ẹ̀jẹ̀ kan, irin tó bí ìdajì mílígíráàmù ló wà. Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ tó ń dà lára rẹ̀ lóṣù bá tó 80 mílílítà, ìwọ̀n tí àwọn dókítà fi ń sọ pé nǹkan oṣù ti pọ̀ jù, nǹkan bí 40 mílígíráàmù irin ló bá a lọ. Ìfun kì í sì í gba gbogbo irin inú oúnjẹ. Nínú ti ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà, díẹ̀ ló ń gbà, ìyókù á bá ìgbẹ́ jáde. Ọmọ náà tún ń dàgbà lọ́wọ́, egungun ń gùn, ara ń kún, ẹ̀jẹ̀ sì gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i láti kárí rẹ̀. Bí gbèsè ṣe ń gorí gbèsè nìyẹn, láìsí ẹni tó rí i.

Nínú ìwádìí ìlera àwọn ará ìlú tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà ní ọdún 2018, tí a mọ̀ sí NDHS, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin tó wà láàárín ọdún 15 sí 49 wò. Nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ̀jẹ̀ àwọn 58 kò tó. Ó ju ìdajì lọ. Kì í ṣe irin nìkan ló fà á. Ibà wà níbẹ̀, aràn tó ń mu ẹ̀jẹ̀ nínú ìfun wà níbẹ̀, àrùn fòníkú-fọ̀ladìde náà wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń dùn mí nígbà tí ẹnikẹ́ni bá wo ọmọ lójú, tó ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, tó sì ta ìgò kan fún un láìyẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò. Ìyẹ̀wò PCV, èyí tí wọ́n fi ń mọ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀, kò wọ́n, kì í sì í pẹ́. Fún ọ̀dọ́mọbìnrin tí kò lóyún, tí PCV bá ti wà nísàlẹ̀ 36, ẹ̀jẹ̀ kò tó nìyẹn. Ohun tó yẹ kí a wá tẹ̀ lé e ni ibi tí ẹ̀jẹ̀ náà ń gbà lọ.

Irin sì lè tán nínú àká kí PCV tó wálẹ̀. Ní ọdún 1996, àwọn dókítà kan ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn tí ń jẹ́ Lancet. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọbìnrin ilé ẹ̀kọ́ gírámà wò, wọ́n sì ṣa àwọn tí irin ara wọn ti lọ sílẹ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ̀jẹ̀ wọn ṣì tó. Àwọn 81 ló wọ inú ìwádìí náà. Wọ́n fún ìdajì ní irin, wọ́n fún ìdajì ní hóró tó jọ ọ́ tí kò ní oògùn nínú, àtẹni tó ń gbé e mì àtẹni tó ń yẹ̀ wọ́n wò, kò sẹ́ni tó mọ èyí tó gbà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, àwọn tó gba irin ṣe dáadáa jù nínú ìdánwò tí wọ́n fi ń wo bí ènìyàn ṣe ń kọ́ ọ̀rọ̀ tuntun tó sì ń rántí rẹ̀. Nínú ìdánwò ìfọkànsí, kò sí ìyàtọ̀. Ìwádìí kékeré ni, n kò sì ní torí rẹ̀ sọ pé irin á mú kí ọmọ yege WAEC. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí n máa rọra sọ̀rọ̀ nígbà tí òbí bá pe ọmọ ní ọ̀lẹ níwájú mi.

Ṣé fítámínì tó kù tí wọ́n dà mọ́ irin wá ń fi nǹkan kún un? Wọ́n ti dán an wò ní Bangladesh, lára àwọn ọmọbìnrin iléèwé tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 14 sí 18, tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó. Fún ọ̀sẹ̀ méjìlá, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, apá kan gba irin pẹ̀lú folic acid, apá kejì gba irin, folic acid àti ọ̀pọ̀ èròjà mìíràn. Ẹ̀jẹ̀ apá méjèèjì gòkè, ọ̀kan kò ju èkejì lọ. Fítámínì A àti C tó wà nínú ara àwọn apá kejì pọ̀ sí i lóòótọ́, nítorí náà a kò lè sọ pé àwọn èròjà yòókù ṣòfò. Àmọ́ ohun tó gbé ọmọ wá sí ọ̀dọ̀ dókítà, ìyẹn ẹ̀jẹ̀ tí kò tó, irin àti folic acid ti tó o.

Àjọ Ìlera Àgbáyé náà kò sọ fún ìjọba kankan pé kó ra fítámínì àpapọ̀ fún gbogbo ọmọbìnrin. Ohun tí wọ́n ní kí wọ́n fún wọn nílùú tí àìtó ẹ̀jẹ̀ bá ti kárí 20 nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin ni 60 mílígíráàmù irin àti 2.8 mílígíráàmù folic acid, ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́sẹ̀, fún oṣù mẹ́ta, kí wọ́n sinmi oṣù mẹ́ta, kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Níbi tó bá ti dé 40 nínú ọgọ́rùn-ún, bíi tiwa, wọ́n ní kó jẹ́ ojoojúmọ́ fún oṣù mẹ́ta lọ́dún, irin 30 sí 60 mílígíráàmù, pẹ̀lú ìtọ́jú àti ìdènà ibà níbi tí ibà bá wà. Ghana, tí kò jìnnà sí wa, bẹ̀rẹ̀ sí í pín irin àti folic acid ọlọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin nínú iléèwé ní ọdún 2017.

Ó yẹ kí a wá padà sórí pẹpẹ. Kò sí òfin kan tí gbogbo ayé fohùn ṣọ̀kan lé lórí nípa ohun tó gbọ́dọ̀ wà nínú oògùn kí wọ́n tó pè é ní multivitamin. Ẹnì kan lè kó èròjà mẹ́wàá sí i, ẹlòmíràn ọgbọ̀n. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ṣe bíi súìtì tí à ń jẹ lẹ́nu, tí àwọn ọmọge fẹ́ràn jù, kò ní irin kankan nínú. Ẹ yí ìgò náà padà, ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ hóró ferrous sulphate 200 mílígíráàmù, èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì wa ń pè ní fersolate, tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan rárá, ní irin gidi bí 65 mílígíráàmù nínú. Mo ti rí òbí tó náwó ńlá lórí ìgò aláwòrán fún odindi ọdún, tí ohun tí ọmọ rẹ̀ nílò sì wà nínú ike kékeré tí kò sẹ́ni tó ń wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìtàn kan wà láti ìlú Jos tí mo fẹ́ràn láti máa sọ fún àwọn tó bá rò pé ojú lásán lè mọ èròjà tí ara ń fẹ́. Àwọn ọmọdé kan wà níbẹ̀ tí egungun wọn rọ̀, tí ẹsẹ̀ wọn tẹ̀ bí ọrun. Ìwé ìṣègùn ti òyìnbó ti ní àìtó fítámínì D ló ń fa rickets, àrùn àwọn ilẹ̀ tí oòrùn kì í ràn tó. Ṣùgbọ́n ní Jos, oòrùn wà! Olùwádìí kan tí ń jẹ́ Thacher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ọmọ 123 jọ, wọ́n fún àwọn kan ní fítámínì D, àwọn kan ní kálísíọ́mù, àwọn kan ní méjèèjì. Ní ọdún 1999 ni àbájáde rẹ̀ jáde. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 24, nínú àwọn tó gba kálísíọ́mù nìkan, 61 nínú ọgọ́rùn-ún ló dé ibi ìwòsàn tí àwọn olùwádìí ń fẹ́. Nínú àwọn tó gba fítámínì D nìkan, 19 péré ni. Oúnjẹ tó kún fún ọkà ṣùgbọ́n tí wàrà, ẹja wẹ́wẹ́ àti egungun rẹ̀ kò sí nínú rẹ̀ ló ti fa wàhálà náà. Ká ní wọ́n ti ń da fítámínì D sí wọn lẹ́nu lọ ni, ọ̀pọ̀ ìbá ṣì wà lórí ẹsẹ̀ títẹ̀.

Kálísíọ́mù kan àwọn ọmọbìnrin wa náà, nítorí ìgbà ọ̀dọ́ ni egungun ń kó ìṣúra jọ. 1,300 mílígíráàmù lójúmọ́ ni wọ́n là sílẹ̀. Iye yẹn kò lè wọ inú hóró fítámínì àpapọ̀ kan ṣoṣo, ó ti tóbi jù. Nínú oúnjẹ ni ká ti wá a.

Èyí gbé mi dé orí máótì àti mílíìkì. Ó dá mi lójú pé kò sí ilé tí wọn kò ti pò ó fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Oúnjẹ ni, ó ń fún ni lágbára, ó sì dùn. Ṣùgbọ́n kò sí irin gidi kan nínú rẹ̀, kálísíọ́mù inú mílíìkì sì ń dí irin lọ́wọ́ láti wọ ara. Tíì náà ń dí i lọ́wọ́. Ẹni tó bá fi tíì gbé hóró irin mì, owó ló gbé mì. Omi ọsàn ni ká fi gbé e mì, fítámínì C inú rẹ̀ ń ṣí ọ̀nà fún irin. Kí tíì àti mílíìkì dúró fún wákàtí méjì. Ọgbọ́n mìíràn tún jáde láti Zurich ní Switzerland ní ọdún 2017: lára àwọn ọ̀dọ́bìnrin tí irin ara wọn kéré, ara gba irin púpọ̀ sí i nígbà tí wọ́n lò ó ní ọjọ́ kan tí wọ́n sì fo ọjọ́ kejì, nítorí pé tí irin púpọ̀ bá wọlé lónìí, ara á ti ilẹ̀kùn títí di ọ̀la. Fún ọmọ tí irin ń rìn nínú tàbí tó ń mú kó yàgbẹ́ gbẹrẹfu, mo máa ń ní kí ìyá bi dókítà bóyá fífo ọjọ́ kan lè bá a mu. Kí ìgbẹ́ dúdú má sì dẹ́rù bà á, irin tí ara kò gbà ni.

Ní ti ewu, mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ fún àwọn méjèèjì, ẹni tó ń bẹ̀rù fítámínì àti ẹni tó ń fi ṣeré. Hóró kan lójúmọ́ tí èròjà inú rẹ̀ kò kọjá ìwọ̀n tí ara ń lò lóòjọ́ kì í ṣe ọmọ tí ara rẹ̀ le ní nǹkan. Ibi tí ewu ti ń wọlé ni ìgbà tí wọ́n bá ń to ó léra wọn: ọ̀kan fún ìwé kíkà, ọ̀kan fún irun, ọ̀kan fún awọ ara, epo ẹ̀dọ̀ ẹja lórí rẹ̀. Fítámínì C tó bá pọ̀ jù á bá ìtọ̀ lọ. Fítámínì A kì í lọ bẹ́ẹ̀, inú ẹ̀dọ̀ ló ń kó sí. Fún ọ̀dọ́mọbìnrin ọdún 14 sí 18, 700 máíkírógíráàmù ló tó lójúmọ́, kò sì gbọdọ̀ kọjá 2,800. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 1995 fi hàn pé àwọn aláboyún tó ń lo fítámínì A tó ju 10,000 IU lọ lójúmọ́, nǹkan bí 3,000 máíkírógíráàmù, ló ń bí ọmọ aláàbùkù ara ju àwọn yòókù lọ. Ọmọge tí dókítà kọ isotretinoin fún nítorí rorẹ́ kò gbọdọ̀ fi fítámínì A kún un rárá, nítorí ẹbí kan náà ni wọ́n. Epo pupa kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí o. Ohun pupa inú rẹ̀ ni ara ń yí padà sí fítámínì A níwọ̀n tó bá fẹ́, kò lè kọjá ibẹ̀.

Oògùn irun ńkọ́? Biotin ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Máíkírógíráàmù 25 ló tó ọ̀dọ́mọbìnrin lójúmọ́, ṣùgbọ́n 5,000 tàbí 10,000 ni wọ́n ń kọ sára ìgò. Ẹ̀rí pé ó ń mú irun ọmọ tí biotin rẹ̀ pé hù kò tó nǹkan. Wàhálà rẹ̀ tó tóbi jù ni pé ó ń da ìyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rú. Àjọ FDA ti Amẹ́ríkà kìlọ̀ nípa rẹ̀ ní 2017. Ọmọ tí irun rẹ̀ ń já lè nílò ìyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún thyroid, ẹ̀yà ara kan nínú ọrùn, kí oògùn irun sì mú kí ìyẹ̀wò náà purọ́.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni omi oògùn tí wọ́n ń tà fún àwọn ọmọge pé yóò mú wọn sanra, tí wọ́n kọ fítámínì gàdàgbà sí iwájú rẹ̀. Ẹ ka ẹ̀yìn. Bí ẹ bá rí cyproheptadine níbẹ̀, kì í ṣe fítámínì. Oògùn ara yíyún àti sísín ni, tó ń mú kí ebi máa pani, tó sì ń kun ènìyàn lóorun. A kò gbọdọ̀ fi í fún ọmọ tó ń sùn nínú kíláàsì.

Kí a tó fún ọmọ ní irin fún oṣù púpọ̀, kí a mọ genotype rẹ̀. Ọmọ SS, ìyẹn ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, tí wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí lára lọ́pọ̀ ìgbà lè ti ní irin tó pọ̀ jù. Folic acid ni wọ́n máa ń fún un, dókítà ló sì gbọ́dọ̀ yẹ irin ara rẹ̀ wò kó tó fi kún un. Kí a sì gbé irin síbi tí ọwọ́ àbúrò kékeré kò ti lè tó o. Ó pupa, ó ní ṣúgà lára, ọmọ ọdún méjì á rò pé súìtì ni, ìwọ̀nba hóró díẹ̀ sì lè gba ẹ̀mí rẹ̀.

Àwọn ẹbí tó ń ti London àti Houston fi ìgò ránṣẹ́ ń fi ìfẹ́ ṣe é. Ṣùgbọ́n lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà ti 1994, FDA kì í fọwọ́ sí irú àwọn èròjà àfikún oúnjẹ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó gbé e sọ́jà. Nọ́ńbà NAFDAC tiwa ń sọ fún wa pé wọ́n forúkọ ọjà náà sílẹ̀. Kò sọ pé ó ń mú ọpọlọ jí pépé.

Àwọn ọmọ tí mo máa ń fún ní fítámínì àpapọ̀ láìjiyàn wà: èyí tí kì í jẹ ẹran, ẹja, ẹyin tàbí mílíìkì rárá, nítorí B12, èyí tó ń sá fún oúnjẹ nítorí pé ó fẹ́ rù, èyí tí owó ilé wọn kò ju gàrí lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù dé ìparí rẹ̀. Ọ̀dọ́bìnrin tó bá ń múra ìgbéyàwó nílò folic acid 400 máíkírógíráàmù lójúmọ́ kí oyún tó dé, nítorí ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ.

Ọmọ ọjọ́ Sátidé yẹn lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní òdìkejì títì. PCV rẹ̀ jẹ́ 27, genotype rẹ̀ AA. Mo kọ lẹ́tà fún wọn lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí pé ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ ti ń dà lára rẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù lè jẹ́ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í dì dáadáa, hóró irin nìkan kò sì lè dá ìyẹn dúró. Wọ́n fún un ní irin àti oògùn tó dín ẹ̀jẹ̀ náà kù. Ìgò aláwòrán padà sórí pẹpẹ.

Lẹ́yìn ìdánwò, àwọn méjèèjì tún wá, wọ́n mú àbúrò rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́tàlá dání. Ìyá kò béèrè fítámínì. Ó fi ọwọ́ kan èjìká ọmọ kékeré náà, ó ní, "Dókítà, ẹ bá mi bi eléyìí náà ní ìbéèrè yẹn." Kí n tó la ẹnu, ẹ̀gbọ́n ti fa ìwé kan yọ nínú báàgì. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló ti fa ìlà sí, ọjọ́ ní apá òsì, iye páàdì ní apá ọ̀tún, oṣù méjì gbáko tó ti ń bá àbúrò rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀.